Ọjọ́ Tí Wáìfáì àti Bùlútúùtù Fẹ́ Ba Ìtọrọ Àbúrò Mi Jẹ́

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, àfi bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni àwọn ẹbí Mùfú wá tọrọ Sídí, àbúrò mi, nílé wa ní àdúgbò Bẹyẹrúnkà. Kánádà ni Mùfú fúnra rẹ̀ wà, orí ẹ̀rọ la ti máa rí i. Ta ni ó tún ṣètò ẹ̀rọ bí kò ṣe èmi? Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò tó ń darí Wáìfáì àti Bùlútúùtù nínú kọ̀ǹpútà. Dírẹ́bà là ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, fi gbà pé ọkọ̀ èrò ni mò ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nínú kọ̀ǹpútà mi, Wáìfáì àti Bùlútúùtù dà bí ìyàwó méjì tó ń dáná lórí àdògán kan. Ètò tí mo kọ ló ń ní kí ọ̀kan dúró bí èkejì bá ń lò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo pè é láti dán ẹ̀rọ wò, àwòrán Mùfú ń wọ́ bí ìgbín. Ni mo bá yọ òfin tó ní kí wọ́n máa gbà fún ara wọn kúrò, kí Wáìfáì lè ráyè sáré. Àwòrán mọ́ kedere! Mo ń fọ́nnu kiri ilé. Mi ò rántí pé mi ò tíì tan sípíkà Bùlútúùtù tí ohùn Mùfú máa gbà jáde.

Nígbà tí pálọ̀ kún, mo tan sípíkà, mo gbé e síwájú Àlàájì. Mùfú kí wa: "Ẹ k… ọ… yin."

Àlàájì wò mí. "Ṣé òtútù ibẹ̀ ló ń dà á láàmú ni?"

"Ó máa tó dáa, sà." Mo sún sípíkà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó tún burú sí i, Wáìfáì ò jẹ́ kí ohùn ráyè kọjá.

Àlàájì wúkọ́. "Mùfú, ṣé o fẹ́ Sídí wa tọkàntọkàn?"

Mùfú rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, mi ò… fẹ́ ẹ."

Àlàájì na ọrùn sí sípíkà.

"Kí lo wí?"

Ó pariwo: "Mi ò ní… láéláé!"

Sídí bú sẹ́kún, ó sá wọ yàrá. Àlàájì dìde, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Ìyá Mùfú kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, ọmọ mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀!" Èmi ń tẹ kinní lórí kinní. Mo ṣi ọ̀kan tẹ̀, sípíkà já mọ́ fóònù mi, ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ sì bọ́ síta ketekete: "Àlàájì ti dé o! Ara ò ní rọ ẹnikẹ́ni lónìí."

Mo wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu, mi ò rí.

Ìyá Mùfú ló yọ wá. Ó fa fóònù kékeré kan yọ lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì nà án sí Àlàájì. Àlàájì gbé e sétí. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rọ̀.

"Ó ní òun ò lè ṣe kí òun má fẹ́ ẹ. Ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ láéláé. Ẹ lọ pe ọmọ yẹn wá, kó wá nu ojú." Ó wá yíjú sí mi: "Ìwọ, pa kinní yẹn."

Mo pa á.

Mo ti kọ́gbọ́n. Ohun tó ń ṣiṣẹ́, a kì í tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí àna ń bọ̀. Bí a bá sì tún un ṣe, ká dán gbogbo rẹ̀ wò, kì í ṣe ìdajì. Ní báyìí, bí ìpàdé ẹbí bá ti kan ẹ̀rọ, Àlàájì á ní kí n lọ jókòó ti àwọn ìyá, kí n máa jẹ ẹ̀pà. Mo máa ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rín ni kì í jẹ́ kó lọ tààrà lọ́fun mi.