Ìgè àti Ìbọn Àna Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò le, pé ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé inú ìkòkò gbàgùdá ni ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ wà nígbà tó ń sọ ọ́?

Ní ìlú Ìgbó-Ìyeyè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìgè. Ojú máa ń tì í púpọ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó síwájú ilé kan, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà kọjá. Àwẹ̀ró ló fẹ́ fi ṣaya, Àwẹ̀ró náà sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n Ògúndípẹ̀ ọdẹ, bàbá Àwẹ̀ró, kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí. Gbogbo ìgbà tí Ìgè bá débẹ̀, orí ìdọ̀bálẹ̀ ló máa ń wà. Ọdún méjì ló ti ń lọ, kò lè júwe imú àna rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí inú bàbá bá dùn, àtàǹpàkò ọ̀tún á máa mì díẹ̀díẹ̀. Bí inú bá ń bí i, gbogbo wọn á ká kò bí ìgbín tí wọ́n tọ́ níwo.

Lọ́jọ́ kan, àtàǹpàkò náà ń mì.

"Ìgè," ni Ògúndípẹ̀ wí, "ọ̀bọ ti fẹ́ jẹ àgbàdo mi tán lóko. Gba ìbọn yìí, kí o bá mi ṣọ́ ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tí kò bá lè di ìbọn mú, kò lè di ọmọ mi mú. Bí o bá dá a padà bí mo ṣe fún ọ gẹ́lẹ́, a ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí nǹkan kan bá yingin lára rẹ̀, má wulẹ̀ padà síbí mọ́."

Ìgè na ọwọ́ méjèèjì sókè láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó gba ìbọn, ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá." Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ń yẹ ohun tí àna fún un wò lójú àna?

Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa. Àwọn ọ̀bọ rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ká ìrù, wọ́n lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ìgè jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ó ń fi aṣọ nu ìbọn náà kó lè dán lójú àna. Ìka rẹ̀ bá dé abẹ́ rẹ̀, níbi tí apátí yẹ kó wà. Ìka náà wọlé lápá ọ̀tún, ó sì jáde lápá òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Apátí ni irin kékeré tí ọdẹ máa ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Ìbọn tí kò bá ní in, odi ni.

Ìgè wá inú koríko. Ó tú ebè mọ́kànlá. Ó wo ojú àwọn ọ̀bọ tó wà lórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó máa rí èyí tí ojú ń tì. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti mọ̀ pé Àwẹ̀ró ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó pinnu pé òun fúnra òun ni yóò fi irin ọkọ́ tó ti gé ṣe apátí mìíràn nílé. Kò lè lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, nítorí àwo kan náà ni alágbẹ̀dẹ àti Ògúndípẹ̀ fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ wo ni wọ́n fi ń ṣe apátí? Ó kó èyí tó ní sílẹ̀: àdá kan, òkúta ìpọ́nbẹ, àti ọmọ ọlọ ìyá rẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Ọmọ ọlọ kò jọ ohun tí wọ́n fi ń tún ìbọn ṣe, ṣùgbọ́n kò dá a lójú. Ó gbé agbọ̀n kan rù, ó mú ìbọn dání, ó lọ sọ́dọ̀ Gbádébọ̀ káfíńtà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Nínú irinṣẹ́ yín, èwo ló lè ṣiṣẹ́ níbí?" Ó gbé ìbọn náà sókè kí káfíńtà lè rí abẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Gbádébọ̀ ò wo abẹ́. Ẹnu ìbọn ló ń wò, ẹnu náà sì ń wo àyà rẹ̀. "Ìgè, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, sà. Kò ní apátí ni."

"Mo ti gbọ́. Yí i síbòmíì."

Ìgè yí i kó lè fi ẹ̀gbẹ́ kejì hàn án. Gbádébọ̀ bá wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kàn lọ́wọ́, ó fa ìlẹ̀kùn dé. "Mú èyí tó bá wù ọ́," ni ohùn rẹ̀ wí láti inú lọ́hùn-ún. "Kúkú mú gbogbo ẹ̀."

Ìgè kíyè sí i pé kọ́bọ́ọ̀dù náà kò tíì ní ọwọ́ ìlẹ̀kùn, kò sì mọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa jáde. Ó dúró díẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó mú òòlù, ayùn àti ìfági sínú agbọ̀n, ó tẹríba fún kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì lọ.

Ó lọ sọ́dọ̀ Rájí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

"Ọkọ Àwẹ̀ró," ni Rájí wí láìgbójú sókè, "ṣé o ti rí ojú àna ẹ, àbí ẹsẹ̀ náà lo ṣì ń kí?"

"Rájí, wo èyí bá mi."

Rájí gbójú sókè, ó sì rí i. Ó fò sórí kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á kíkankíkan. Òógùn bò ó. Kẹ̀kẹ́ náà kò kúrò lójú kan, nítorí inú abọ́ kẹrosíìnì ni ṣéènì rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Rájí," ni Ìgè wí pẹ̀lẹ́, "kò ní ṣéènì. Ìbọn yìí náà ò sì ní apátí."

"Èmi ni mo mọ̀ pé tèmi ò ní ṣéènì. Ta ló bá ẹ mọ̀ pé tìẹ ò ní apátí?" Rájí sọ̀ kalẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ rù, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ Ìgè lọ́wọ́. Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ẹ̀fọ̀n ló ń bọ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó ṣa sípánà àti páláyà tí Rájí fi sílẹ̀. Àwọn tó rí Rájí tó gbé kẹ̀kẹ́ rù bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ìgè rò ó pé, bí gbogbo ìlú bá ń sá, kò yẹ kí òun nìkan dá dúró. Òun náà bá ń sá tẹ̀ lé wọn, agbọ̀n irinṣẹ́ ń pariwo lórí rẹ̀, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí là ń sá fún?" ló bi ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sọnù.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Ìgè ní irinṣẹ́ lóríṣiríṣi. Ẹni tó máa sọ èyí tó yẹ fún un ni kò rí. Ọjọ́ kẹta sì ti ń lọ. Ó fọwọ́ lérán, ó ro Àwẹ̀ró, ó sì pinnu pé ó sàn kí òun lọ jẹ́wọ́.

Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn àna rẹ̀ nínú àgbàlá. Rájí ti ṣíwájú débẹ̀ lọ fẹjọ́ sùn, ó ṣì gbé kẹ̀kẹ́ rù.

"Ọkùnrin lo pe ara ẹ?" ni Ògúndípẹ̀ ń wí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ìbọn tí kò ní apátí? Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin òun àti igi ìdáná? Bó bá jẹ́ èmi ni, ibi tí mo jókòó sí yìí ni yóò bá mi."

Kò yé Ìgè. Bí Rájí bá ti sọ fún Bàbá pé apátí ò sí níbẹ̀, kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n àna kì í dúró lóòró ronú. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nítorí pé ọwọ́ méjèèjì la fi ń fún àgbà ní nǹkan, ó di ìbọn náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì nà án síwájú.

Ó rí ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níwájú rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún ṣì ń mì. Àtàǹpàkò náà ò mì mọ́. Gbogbo wọn ká kò. Lẹ́yìn náà, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó gbọ́ *jàbú*. Nǹkan kékeré kan já bọ́ sílẹ̀ níwájú imú rẹ̀, ó dún kín-ín. Apátí ni.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún méjì, Ìgè gbójú sókè. Àna rẹ̀ jókòó sínú ìkòkò ńlá tí Àwẹ̀ró rẹ gbàgùdá sí, omi dé e ní igbáàyà, èèpo gbàgùdá kan lẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Bàbá," ni Ìgè wí, "apátí rèé."

"Èmi ni mo yọ ọ́," ni Ògúndípẹ̀ wí. "Mo yọ ọ́ kí n tó fún ọ, kí o má baà yin ara rẹ níbọn. Àpò mi ló wà láti ọjọ́ yẹn."

Ìgè rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn. "Ẹ mọ̀ nígbà náà pé kò lè dún?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi sá, sà?"

Rájí rọra sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Àwẹ̀ró jáde láti inú ilé, ó wo ìkòkò, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi," ló wí, "ẹ ní kó dá a padà bí ẹ ṣe fún un gẹ́lẹ́. Apátí ò sí níbẹ̀ nígbà náà, kò sí níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó?"

Ògúndípẹ̀ yọ èèpo gbàgùdá létí. Ó ní kí wọ́n fi í sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé kí Ìgè kọ́kọ́ gbé ìbọn yẹn kọjú sí ògiri. Ìgè kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ìgbà náà ni bàbá tó dìde nínú omi, ó gbọn ara, ó sì dá àna rẹ̀ lóhùn:

"Ọmọ mi, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?"