Ogójì Ọjọ́ Láìfẹnu Kan Iná

Àdúgbò Bobiel nìyí, ní Niamey, olú-ìlú Niger, lọ́sàn-án oṣù kẹrin. Oòrùn ibẹ̀ lè sá ẹja gbẹ kí ẹni tó gbé e síta tó yíjú padà, síbẹ̀ Àlàájì Mùsílíù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta aṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, fi aṣọ sílẹ̀, ó lọ ra ọgbọ̀n ẹ̀rọ ìsáǹjẹ: ẹ̀rọ oníná tó ń mú èso àti ewé gbẹ fún àwọn tí kì í jẹ ohun sísè. Ta ló rán an? Ẹ bá mi bi í. Ṣọ́ọ̀bù kún, páálí ìyókù sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì Kàfáyá, ìyàwó rẹ̀, tó ti wí gbangba pé: "Ọgbọ̀n ẹ̀rọ lo rà, o ò ra ọgbọ́n kan mọ́ ọn. Bí Jímọ̀ bá bá mi lórí páálí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń lọ." Alàmísì lòní.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ra ẹrù náà: Màdáámù Tẹ́júọlá, òṣìṣẹ́ báńkì, ààrẹ Ẹgbẹ́ Aláìdáná, ìyẹn àwọn Yorùbá Niamey tó búra pé àwọn ò ní jẹ ohun tí iná bá ti fọwọ́ kàn. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá máa tajà fún ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ogójì ọjọ́ láìjẹ ohun sísè. Òní ló pé ogójì. Kí wọ́n tó kírun Àyìlà ni Kàfáyá gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé mẹ́fà wá fún ọkọ rẹ̀. Bí Àlàájì ṣe fẹ́ tú ewé àkọ́kọ́ báyìí, Màdáámù pè é lórí fóònù pé òun ti wà lójú ọ̀nà. Ó sáré kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó wà lórí káńtà, ó pa á dé, ó tan án kó lè dà bíi pé iṣẹ́ ń lọ. Ojú ọ̀nà yẹn gba wákàtí méjì gbáko.

TẸ́JÚỌLÁ: (Ó wọlé, ìwé ńlá lábẹ́ abíyá.) Ẹ kú àìdáná o, Àlàájì.

MÙSÍLÍÙ: Ẹ kú àìdáná, Màdáámù. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìfaradà karọ́ọ̀tì.

TẸ́JÚỌLÁ: Ara ti rí?

MÙSÍLÍÙ: Ara fúyẹ́ o! Lánàá, atẹ́gùn kékeré kan fẹ́, ilẹ̀kùn ni mo dì mú.

TẸ́JÚỌLÁ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí inú ló ń jáde yẹn.

MÙSÍLÍÙ: Ìdọ̀tí ti jáde tán, Màdáámù. Èmi gan-an ló kù tí mò ń jáde.

TẸ́JÚỌLÁ: (Ó ṣí ìwé.) Ọjọ́ kẹtàlá. Kí lẹ jẹ láàárọ̀?

MÙSÍLÍÙ: Sàláàdì oko Gamkalley.

TẸ́JÚỌLÁ: Lọ́sàn-án?

MÙSÍLÍÙ: Èyí tó kù nínú sàláàdì.

TẸ́JÚỌLÁ: Lálẹ́ ńkọ́?

MÙSÍLÍÙ: Mo lọ sí oko sàláàdì, mo lọ wo ti ọ̀la. Àwọn ewúrẹ́ Gamkalley ti mọ̀ mí. Bí wọ́n bá rí mi báyìí, ńṣe ni wọ́n ń kó ọmọ wọn sẹ́yìn.

TẸ́JÚỌLÁ: (Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀.) Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ má bínú o, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń béèrè. Oòrùn ń ràn báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ ìsáǹjẹ ṣe ní Niamey?

Ìbéèrè yìí ni Kàfáyá ti ń bi í láti oṣù méjì, kò sì tíì dá a lóhùn. Ebi ló wá fún un lọ́gbọ́n lójijì.

MÙSÍLÍÙ: Màdáámù, ṣé oòrùn ní bọ́tìnnì?

TẸ́JÚỌLÁ: Kò ní.

MÙSÍLÍÙ: Bó bá ràn jù, ṣé ẹ lè dín in kù?

TẸ́JÚỌLÁ: Èmi kẹ̀?

MÙSÍLÍÙ: Ẹ̀yin náà lẹ sì wí fún wa ní ìpàdé pé bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n márùndínláàádọ́ta, ẹ̀mí inú oúnjẹ ti kú.

TẸ́JÚỌLÁ: Ó kú pátápátá. Òkú lẹ ń jẹ.

MÙSÍLÍÙ: Ìwọ̀n mélòó ni ìta yẹn wà báyìí?

TẸ́JÚỌLÁ: (Ó wo fóònù.) Mẹ́rìndínláàádọ́ta.

MÙSÍLÍÙ: Ínnáà lílláhì! Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta wọlé ńkọ́?

Tẹ́júọlá fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ wò, kó lè mọ̀ bóyá iṣan ibẹ̀ ṣì ń lù.

TẸ́JÚỌLÁ: Ẹ má fi ìyẹn ṣeré, Àlàájì.

MÙSÍLÍÙ: N ò ṣeré. Gbogbo tòmátì ọjà Niamey ló ti jinná lórí igbá. Láti ọjọ́ yìí, ọbẹ̀ lẹ ń jẹ, ẹ ò mọ̀! Ẹ̀rọ yìí nìkan ló lè gba tòmátì sílẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ibòji ni mò ń tà, Màdáámù.

TẸ́JÚỌLÁ: Yéè! Ibòji oníná!

MÙSÍLÍÙ: Tó ní bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ náà gbọ́ ìyìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru funfun jáde. Òórùn ata rodo àti edé gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

TẸ́JÚỌLÁ: Kí ló ń ta sánsán báyìí?

MÙSÍLÍÙ: Ewé oògùn ni.

TẸ́JÚỌLÁ: Ewé ló ń yọ ooru lẹ́nu báyẹn?

MÙSÍLÍÙ: Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ohun tútù lẹ́mìí? Ohun tó bá lẹ́mìí, ṣé kì í mí ni?

TẸ́JÚỌLÁ: (Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.) Ó ń mí lóòótọ́! Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wàásù ẹ̀ rèé, n ò tíì fojú ara mi rí i rí!

MÙSÍLÍÙ: Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ń sùn ni.

TẸ́JÚỌLÁ: (Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.) Àìsàn wo ló ń wò?

MÙSÍLÍÙ: (Òun náà ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.) Inú kíkùn, òòyì ojú, àti ìyàwó tó fẹ́ relé.

TẸ́JÚỌLÁ: Ó ń rùn bí edé.

MÙSÍLÍÙ: Etí odò ni wọ́n ti já a, ní Lamordé. Òun àti ẹja jọ dàgbà ni.

TẸ́JÚỌLÁ: Ata náà wà níbẹ̀ o.

MÙSÍLÍÙ: Ẹ ti ń bí i nínú nìyẹn. Ṣebí mo ní kí ẹ rọra sọ̀rọ̀?

TẸ́JÚỌLÁ: Ẹ yọ ahọ́n yín.

Àlàájì yọ ahọ́n síta. Tẹ́júọlá fi iná fóònù wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

TẸ́JÚỌLÁ: Ó mọ́ tónítóní.

MÙSÍLÍÙ: Wàlláhì, nǹkan kan ò kàn án láti àárọ̀.

TẸ́JÚỌLÁ: Ẹ ti yege, Àlàájì. Ẹ dúró dè mí, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà nínú mọ́tò.

Ó jáde. Àlàájì wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹ̀rọ. Ó rántí Kàfáyá, ó ní òun á ṣe sùúrù. Ikùn rẹ̀ ní kò sí sùúrù kankan ńlẹ̀. Ó kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó fa àtẹ ẹ̀rọ kan yọ, ó tú ewé, ó sì fi eyín gé mọ́ínmọ́ín kan sí méjì. Ó ń jẹ ẹ́ lọ ló gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Kí orí rẹ̀ tó ronú, ẹnu tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti dá ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

MÙSÍLÍÙ: (Ẹnu kún fọ́fọ́.) Ẹ wá jẹun o!

TẸ́JÚỌLÁ: Á gba ibi ire o, Àlàájì.

Àwọn méjèèjì dúró gbagidi.

TẸ́JÚỌLÁ: Kí lẹ ní kí n wá jẹ?

MÙSÍLÍÙ: Ewé.

TẸ́JÚỌLÁ: Mo rí ewé lọ́wọ́ yín. Kí ló wà lẹ́nu?

MÙSÍLÍÙ: Ẹni tó ń sùn nínú ewé ni.

TẸ́JÚỌLÁ: Ogójì ọjọ́! Ẹ sọ òótọ́, ọjọ́ mélòó lẹ lò?

MÙSÍLÍÙ: Mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, wọ́n ń dín àkàrà lẹ́bàá títì. N ò mọ̀gbà tí mo débẹ̀.

TẸ́JÚỌLÁ: Ẹ purọ́ fún odindi ẹgbẹ́!

MÙSÍLÍÙ: Mo purọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ wo páálí. Kàfáyá ti di ẹrù. Ọdún mọ́kànlélógún la ti jọ wà, páálí ló wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Màdáámù. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn nílé tí kò bá sí níbẹ̀.

TẸ́JÚỌLÁ: Kí ló wá dé tí ẹ pè mí? Ẹ̀yìn lẹ kọ sí mi. Bí ẹ bá dákẹ́, tí ẹ gbé e mì, ṣé mo máa mọ̀?

MÙSÍLÍÙ: Háà, Màdáámù! Èèyàn wọlé bá mi nídìí oúnjẹ, kí n wá dákẹ́? Ìyá mi ò bí mi bẹ́ẹ̀.

Tẹ́júọlá jókòó lórí páálí kan. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

TẸ́JÚỌLÁ: Ọdún mẹ́ta, Àlàájì. Láti ọjọ́ tí mo ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kò sí Yorùbá kan nílùú yìí tó tún sọ fún mi pé kí n wá jẹun. Bí mo bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sáré dé ìkòkò. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wá kí mi láti Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń jẹ ẹ̀bà. Ó dùn mí o. Ó dùn mí gan-an ni.

 Àlàájì fa àtẹ kejì yọ, ó mú mọ́ínmọ́ín kan, ó gbé e síwájú rẹ̀.

MÙSÍLÍÙ: Ẹ wá jẹun, Màdáámù.

Màdáámù bu omi fọwọ́. Ti àkọ́kọ́, ó tú ewé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kó bá ewé lọ.

TẸ́JÚỌLÁ: Ó ṣì ń gbóná! Ìgbà wo ni wọ́n gbé e wá?

MÙSÍLÍÙ: Kí wọ́n tó kírun Àyìlà.

TẸ́JÚỌLÁ: Kò tutù, kò sì gbẹ?

MÙSÍLÍÙ: Ewé bò ó. Kò níbi tó máa gbà gbẹ.

Tẹ́júọlá nu ọwọ́, ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ìwé gbì.

TẸ́JÚỌLÁ: Ẹgbẹ́ gba gbogbo ọgbọ̀n ẹ̀rọ.

MÙSÍLÍÙ: Ọgbọ̀n! Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ sá?

TẸ́JÚỌLÁ: Ta ló fẹ́ sá nǹkan? Àlàájì, kò sílé ọmọ ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ tí ìkòkò ọbẹ̀ ò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu ni. Bí mo bá pẹ́ lórí ìjókòó, ọbẹ̀ á tutù, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó jẹ wọ́n níyà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ríbi fi í pamọ́ sí tí á máa gbóná.

Àlàájì ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti pe nọ́ḿbà ilé.

MÙSÍLÍÙ: Kàfáyá! Tú ẹrù ẹ! Páálí ti tà tán, bẹ́ẹ̀dì ẹ ti dọwọ́ ẹ! Ẹ̀n? Ta ló rà á? Màdáámù Aláìdáná ni. Rárá, kò bínú. Ó jẹ méjì. (Ó gbọ́ díẹ̀, ó yíjú padà.) Màdáámù, ó ní ìkòkò ṣì wà lórí iná, kí ẹ yà nílé wá jẹun.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ Tẹ́júọlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wà níta.

TẸ́JÚỌLÁ: Ẹ ní mo ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ búra fún un pé òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.