Kò Sí Ayálégbé Nílé Mi

Bí ẹ bá kí ọkùnrin kan lórí bákónì, tó kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, ẹ mọ̀ pé Kábíyèsí Páànù lẹ kí yẹn. Ọkọ ògiri, baba òrùlé, ẹkùn tí í gbowó ilé kóṣù tó yọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, yàrá mẹ́jọ, ló ní láyé. Òun ló pe ara rẹ̀ ní Kábíyèsí. Àwọn ayálégbé ló fi Páànù kún un, nítorí páànù ilé náà ń jò.

Ìjọba wá ṣòfin pé iye kan báyìí ni kí onílé máa gbà lórí yàrá tí ènìyàn ń gbé, kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan lé e. Onílé òdìkejì tó fẹ́ kọ́ ilé kejì ta gbogbo sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ẹni tó wà nínú yàrá kò kó jáde mọ́, ẹni tó wà níta kò sì rí yàrá gbà. Kábíyèsí ní tirẹ̀ ka òfin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rí i pé kò dárúkọ stóò, yàrá tí wọ́n ń kẹ́rù sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí akunlé kan kọ "STÓÒ" sára ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó wá pe Télọ̀, tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé nísàlẹ̀.

"Láti òní lọ, o ò gbélé mi mọ́. Ẹrù rẹ ló ń gbé ibẹ̀. Ìlọ́po méjì sì ni owó ẹrù."

"Bàbá, ìyá mi ńkọ́? Ṣé ẹrù làwọn náà ni?"

"Wọ́n ń ṣọ́ ẹrù ni. Ìwọ náà ń ṣọ́ ẹrù. Bẹ́ ẹ bá wá dijú, ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Oṣù mẹ́jọ ni Télọ̀ fi san ìlọ́po méjì, torí kò sí yàrá mìíràn tó lè gbé ìyá rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ sì ń dun ìyá náà. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, Kábíyèsí ní ìlọ́po mẹ́ta, tàbí kí wọ́n kó jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Télọ̀ sunkún títí. Nígbà tó sun ún tán, ó bọ́jú, ó sì lọ sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó owó ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì náà pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Gbogbo àdúgbò tẹ̀ lé e. Kábíyèsí gbé kóòtù wọ̀, ó yọ sí bákónì, oòrùn ń pa á, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ẹ ń gbà ju iye òfin lọ lọ́wọ́ àwọn ayálégbé yín."

"Ayálégbé kẹ̀? Kò sí ayálégbé nílé mi. Stóò ni gbogbo ẹ̀."

"Àwọn tó ń fọ eyín lẹ́nu ọ̀nà yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n."

"Ẹ̀ṣọ́ ta ni?"

 Télọ̀ mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá ní ẹrù ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Àmọ́ Kábíyèsí wo èrò tó pé sísàlẹ̀, orí rẹ̀ wú.

"Ẹ̀ṣọ́ tèmi ni. Ta ló tún ní ẹ̀ṣọ́ tó pọ̀ tó báyìí ládùúgbò yìí?"

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Kábíyèsí sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ sí i gàdàgbà.

"Ó dáa," lobìnrin náà wí. "Ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán tòru, oṣù mẹ́jọ. Ṣé ẹ ti san owó oṣù wọn?"

Kábíyèsí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò owó oṣù gbogbo wọn, ó rí i pé ó ju owó tó gbà lọ.

"Wọn ò san rí, mà," Télọ̀ dáhùn. "Àwa là ń san fún wọn ká tó bá wọn ṣọ́ ọ."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

"Ayálégbé ni wọ́n," Kábíyèsí kígbe. "Ayálégbé mi ni gbogbo wọn."

"Ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bí ayálégbé bá ni wọ́n lóòótọ́, ẹ ó dá èlé tẹ́ ẹ gbà padà fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tó máa jẹ́rìí pé òun ń sùn níbí."

Kábíyèsí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹlẹ́rìí. Ló bá kúnlẹ̀ síwájú ìyá Télọ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹ máa ń sùn."

"Sùn lẹ́nu iṣẹ́ kẹ̀?" ni ìyá wí. "Kọ ọ́ sínú ìwé ná pé ọmọ mi ò ní kó lọ síbì kankan."

Orí ìkúnlẹ̀ ló ti kọ ọ́. Ìyá gba ìwé náà, ó ní kí Télọ̀ kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó kà á dé òpin. Ìgbà yẹn ni ìyá tó gbà pé àwọn máa ń sùn.