Inú Bàbá Ti Mọ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé bí wọ́n bá ní inú Bàbá ti mọ́, kí o kọ́kọ́ bèèrè Bàbá wo? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, ẹ sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ súnmọ́ wájú, torí ọ̀rọ̀ owú ni mo fẹ́ sọ, owú ò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àwọn ọkùnrin méjì kan wà ní Ìkirun, Oyèníran àti Jayéọlá. Ògiri kan ló pààlà ilé wọn. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n ra mọ́tò, irú kan náà, àwọ̀ kan náà, àwọn mọ́tò àtijọ́ tó nímú gígùn wọ̀nyẹn. Àmọ́ nígbà tí mọ́tò méjèèjì dàgbà, ti Jayéọlá ṣì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ti Oyèníran sì ń wúkọ́, ó ń rú èéfín. Bó bá ti ń bọ̀ lókèèrè, àwọn obìnrin á sáré lọ ká aṣọ lórí okùn.

Jayéọlá wá sọ mọ́tò tirẹ̀ ní Bàbá. Eré ló fi bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, bó bá ń nu gíláàsì rẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bó bá sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún èèyàn, kò jẹ́ pè é ní "ó", "wọ́n" ló máa ń pè é. Bàbá ò tíì jẹun láti àná, wọ́n ń lọ ra epo. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi bá a gbà á, tí àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá ń dọ̀bálẹ̀ fún mọ́tò.

Èyí ń dun Oyèníran. Ẹ jẹ́ ká má fún un lórúkọ mìíràn, owú ni. Ó ń jowú nítorí mọ́tò tí wọ́n ń kí. Ó tiẹ̀ sọ tirẹ̀ ní Kábíyèsí, kó lè ga ju Bàbá lọ, ó sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀ kó lè rí ẹni tí yóò kí i. Kò sẹ́ni tó kí Kábíyèsí. Ajá kan ló kàn wá tọ̀ sí i ní táyà.

Owú náà le débi pé kò yà sílé Jayéọlá mọ́. Nígbà tí bàbá tó bí Ìyá Dùnní, ìyàwó Jayéọlá, ti oko dé láti wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, tọmọdé tàgbà àdúgbò ló lọ kí arúgbó náà. Oyèníran wà nílé rẹ̀, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń ní, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀ o." Ó kàn pòṣé ni. Èrò tirẹ̀ ni pé Jayéọlá ti gbé mọ́tò yẹn ti ibi àtúnṣe dé, pé àwọn èèyàn tún ti ń lọ kí i kú àbọ̀. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé òun nìkan ni kò mọ̀ pé Bàbá ti di méjì nínú ilé yẹn.

Ó wá ku díẹ̀ kí àkọ́bí Oyèníran, Fadérera, ṣègbéyàwó. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó rọra sọ fún bàbá rẹ̀ pé aṣọ òun funfun, èéfín Kábíyèsí sì dúdú, pé òun ti bẹ Dádì Dùnní kí wọ́n fi mọ́tò wọn gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oyèníran ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó bí, tó tọ́, tó rán lọ síléèwé, inú mọ́tò Jayéọlá ni yóò ti sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ìjọ? Ó ní kó ní sùúrù, pé kó tó dọjọ́ ìgbéyàwó, inú mọ́tò òun yóò ti mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ó pe Sàlámì mẹkáníìkì. Sàlámì ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó wò ó. Ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó ti dì, ó nípọn, bí ọṣẹ dúdú tí wọ́n gbàgbé sínú igbá ló rí. Oyèníran kì í pààrọ̀ ọ́ìlì, ńṣe ló máa ń bu tuntun lé ògbólógbòó. Sàlámì ní ohun tó pẹ́ kó tó dọ̀tí ò lè mọ́ lóòjọ́. Ó ní òun yóò tú àwo ìsàlẹ̀ tó ń gba ọ́ìlì, òun yóò fọwọ́ ha á, wọn yóò wá máa da ọ́ìlì tuntun sí i, wọn yóò wà á díẹ̀, wọn yóò dà á nù, wọn yóò tún bu òmíràn sí i, títí gbogbo ẹrẹ̀ náà yóò fi tán. Oyèníran bi í bóyá báyìí náà ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ti Jayéọlá. Sàlámì ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pé Jayéọlá kì í jẹ́ kí tirẹ̀ dì ni. Oyèníran ò gbà. Ó dá a lójú pé àṣírí kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́ fún òun, ó sì ní kí Sàlámì máa lọ.

Etí ẹni tó ń jowú kì í di. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Oyèníran ń rin pákò lẹ́yìn ilé, ló bá gbọ́ ohùn Ìyá Dùnní lódìkejì ògiri, tó ń bá obìnrin kan tó wá kí i sọ̀rọ̀.

"Ṣebí ẹ rí bí Bàbá ṣe rí tẹ́lẹ̀? Inú wọn ti dì gbagidi. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń dún, wọ́n á sì ba afẹ́fẹ́ gbogbo ilé jẹ́. Èmi ni mo fọ inú wọn. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, látinú kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìn ìdáná yẹn."

Obìnrin kejì bèèrè bóyá ó jáde.

"Ẹ tún ń bi mí? Dúdú bí ọ̀dà. Látìgbà náà, wọn ò dún mọ́, wọn ò rùn mọ́. Inú Bàbá ti mọ́. Ẹ wò wọ́n níta bí wọ́n ṣe ń dán."

Oyèníran yọjú wo ìta. Lóòótọ́, mọ́tò Jayéọlá wà níbẹ̀, ó ń dán. Arúgbó náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí àpótí, ó ti fi òróró para, òun náà ń dán, ṣùgbọ́n mọ́tò ti bò ó, Oyèníran ò rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àgbo jẹ̀dí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mọ́, tí Ìyá Dùnní ń fọ ara fún bàbá rẹ̀ nínú balùwẹ̀, Oyèníran gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà. Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì mọ́tò ni, torí kò sí kẹ́ẹ̀gì tí a kì í da àgbo sí nílẹ̀ wa. Ìyẹn tún wá fi í lọ́kàn balẹ̀. Kó má baà ṣì í gbé, ó bu ife kan, ó mu ún. Ó korò dénú egungun. Ó ní, áà, ohun tó korò báyìí, ẹrẹ̀ wo ló lè dúró níwájú rẹ̀? Owú ò mọ ìwọ̀n, ó da gbogbo ìyókù sínú ẹ́ńjìnnì Kábíyèsí.

Ó lọ bẹ Fadérera. Ó bẹ̀ ẹ́ débi pé ọmọ náà ò lè kọ̀, ó kó aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé jókòó. Oyèníran ṣáná sí mọ́tò. Ó gbérí lóòótọ́, kò tíì sí èéfín, ó sì rọra ń wà á lọ kó lè gba iwájú ilé Jayéọlá kọjá, kí wọ́n lè rí i. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn. Kò mọ̀ bóyá mọ́tò ló ń kùn àbí ikùn òun. Àwọn méjèèjì ni. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn egbò igi gba gbogbo àdúgbò, ẹ́ńjìnnì hu lẹ́ẹ̀kan, ó sì gan pa síwájú ilé Jayéọlá gan-an.

Oyèníran ò ráyè wo mọ́tò. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó di ikùn mú, ó sáré gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé tí kì í yà sí mọ́, torí pé ibẹ̀ ni ṣáláńgá tó súnmọ́ ọn jù lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, ó bá arúgbó kan tó mú ife dání.

"Ọmọ mi, o ò bá mi rí kẹ́ẹ̀gì àgbo mi? Èyí tí wọ́n fi ń fọ inú mi."

"Ta ni yín, sà?"

"Èmi ni Bàbá."

Oyèníran la ẹnu láti dáhùn. Inú rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.

Nígbà tó fi máa jáde, wọ́n ti gbé Fadérera sínú mọ́tò Jayéọlá, òun nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ó jókòó sẹ́yìn, láàárín ọmọ rẹ̀ àti arúgbó náà tí kò tíì rí àgbo mu. Ó ń dùn ún wọra. Ó ń wo bí mọ́tò yẹn ṣe ń lọ láìdún, owú tún ń jẹ ẹ́ bó ṣe jókòó síbẹ̀. Ó mọ̀ pé inú rẹ̀ ni ọmọ òun yóò ti sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ọ̀nà wá ń ṣe kángunkàngun, Jayéọlá bá bojú wẹ̀yìn, ó ní kí ìyàwó má bẹ̀rù nítorí aṣọ rẹ̀.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Inú Bàbá ti mọ́."

Oyèníran wo mọ́tò. Ó wo arúgbó tó fara tì í. Ó rọra fa aṣọ funfun ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Bàbá wo?"

Nítorí náà, bí aládùúgbò yín bá ń ṣe dáadáa, tí owú sì ń sún yín láti lọ ṣe bíi tirẹ̀, ẹ má tíì gbé kẹ́ẹ̀gì. Bí wọ́n bá ní inú Bàbá ti mọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè Bàbá wo.