Àwọn Ìwé Ọ̀gá Lórí Àjà Bàbá Sánní

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti fọgbọ́n lé e títí, kò lọ. Bí mo bá sì ń sọ ọ́ báyìí, ó máa ń dà bí ẹni pé òní ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí òyìnbó gba àkóso ìlú, rélùwéè sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba Ìlọrin kọjá ni. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní iṣẹ́ ìwàásù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tàn yín jẹ o. Ilé amọ̀ mẹ́rin ni, koríko ni wọ́n fi bo gbogbo wọn. A ń jọ́sìn nínú ọ̀kan, a ń sùn nínú ọ̀kan, wọ́n ń se oúnjẹ nínú ọ̀kan, èyí tó kéré jù sì ni yàrá ìwé. Pákó àpótí kẹrosíìnì ni wọ́n kàn mọ́ ògiri tí wọ́n to ìwé sí. Àwọn ìwé náà ò tó ọgọ́ta, ṣùgbọ́n lójú wa, gbogbo ọgbọ́n ayé ló tò síbẹ̀.

Olúkúlùkù wa ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ìwé, kì í sì í ṣe pé mo mọ̀wé. Mi ò tíì lè ka ojú ìwé kan tán láìfi ìka tọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo ti fọ́ ìkòkò omi mẹ́ta, mo sì ti fi ọkọ́ gé iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù dànù, ni wọ́n bá rò ó pé ìwé, ó kéré tán, kì í fọ́.

Ọ̀gá wa, pásítọ̀ kan tó wá láti ìhà òkun, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wàá padà sóko bàbá rẹ." Bàbá mi, Mùsùlùmí ni, àgbẹ̀ ni, kò fẹ́ kí n wá rárá. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, kò gbójú sókè níbi tó ti ń kọ ebè. "Máa lọ," ó ní. "Ọkọ́ rẹ wà níbi tó o fi í sí." Ẹ̀yin náà rí i pé mi ò lè padà.

Òjò ọdún yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í bu bí iṣu tí omi wọ̀, kòkòrò sì ń lu wọ́n níhò. Ọ̀gá fẹ́ lọ sí ìpàdé ìjọ, ó ní òun á pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́jọ, òun á sì mú àgbà ìjọ kan bọ̀. Ó ṣí ìwé àlàyé Bíbélì tó tóbi jù níbẹ̀, ó nà án sí mi.

"O rí ihò yìí?"

"Mo rí i, sà."

"Mi ò fẹ́ bá kòkòrò kan níbẹ̀ tí mo bá dé. Ohun tó o bá mọ̀, ṣe é."

Ohun tí mo mọ̀! Ká ní Ọ̀gá mọ ohun tí mo mọ̀ ni, kì bá tí sọ bẹ́ẹ̀. Nílé wa, àgbàdo tó bá dára jù la fi ń ṣe irúgbìn, orí àjà ilé ìdáná la sì ń kó o sí, lókè ààrò gan-an, kí èéfín máa rú sí i títí àkókò gbíngbìn á fi dé. Kòkòrò kì í dé ibẹ̀. Mo ronú pé kòkòrò tó bá bẹ̀rù èéfín lára àgbàdo, kò ní ṣe akin lára ìwé.

Ilé ìdáná wa ní àjà, ṣùgbọ́n ó tún ní Bàbá Sánní. Kúùkù wa ni, àgbàlagbà ará Gàmbàrí, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kì í sì í fi ìrun ṣeré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá yọrí sí ilé ìdáná, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ pásítọ̀, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ wàásù fún ni? Ẹ jáde fún mi!" Mi ò bi í. Mo dúró dìgbà tó lọ kí Jímọ̀, mo fi agbọ̀n kó gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tẹ́ wọn sórí àjà lẹ́yìn àgbàdo, mo fi ẹní bò wọ́n. Ọjọ́ méjì péré ni mo pinnu láti fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Sánní gbé agbọ̀n ẹja dé láti ọjà Ìpàtà nítorí àlejò. Ó tẹ́ wọn sórí ààrò, ó ki igi tútù sí i, ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì wọ́n. Lálẹ́, á ti ilẹ̀kùn, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Mo yọjú.

"Kí lò ń wá?"

"Omi ni, Bàbá."

"Omi ń bẹ nínú àmù."

Mo mu omi. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tí mo mu omi lọ́jọ́ yẹn, ikùn mi ń mì bí igbá omi, ìwé sì wà lókè síbẹ̀.

Èmi ò mọ̀ pé àtè ni wọ́n fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé òyìnbó, àti pé bí iná bá mú àtè, yíyọ́ ló ń yọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, níbi oúnjẹ ọ̀sán, Jóṣúà, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rí nǹkan nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

"Pọ̀nmọ́! Ẹ ò rí i pé Bàbá Sánní fẹ́ràn mi?" Ó jẹ ẹ́ títí. "Ṣùgbọ́n màlúù yìí gbó kó tó kú o."

Mo wo ẹnu rẹ̀, mo rí ohun tó ń dán bíi wúrà. Awọ ẹ̀yìn ìwé tó já bọ́ sọ́bẹ̀ látorí àjà ni, lẹ́tà ṣì wà lára rẹ̀.

"Tu ú dànù," mo ní.

"Ìlara lò ń ṣe." Ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kẹfà, kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dé ṣáájú ọjọ́, àgbà ìjọ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì ṣí fìlà tó fi wọ yàrá ìwé. Pákó lásán ló bá.

"Ìwé dà?"

"Wọ́n... wọ́n wà, sà."

"Níbo?"

Mo ń wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́, ni Bàbá Sánní bá jáde wá kí wọn. Bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kí wọn, ewé ìwé bíi mélòó kan yọ jáde lápò dàńṣíkí rẹ̀. Ọ̀gá ṣa ọ̀kan, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Sánní, níbo lo ti rí èyí?"

"Ó ń já bọ́ látòkè ni, Ọ̀gá. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo wòkè títí, èéfín nìkan ni mo rí. Mi ò lè ka irú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́run lè wà lára rẹ̀, a kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ irú ẹ̀. Mo ń ṣà á pamọ́ dè yín."

"Ìwé ń rọ̀ bí òjò nílé ìdáná rẹ?" Ohùn Ọ̀gá tún rẹlẹ̀ sí i. "O ti kó wọn tà fún àwọn tó ń fi bébà di iyọ̀ ní Ìpàtà. Kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ."

Mo dúró síbẹ̀. Oko bàbá mi ló wà lójú mi. Mo dákẹ́.

Bàbá Sánní ò jà. Ó kàn ní, "Ọlọ́run mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ kó má jóná. Àlejò yín tọ̀nà jíjìn bọ̀, ebi á ti máa pa wọ́n." Ó sì yíjú padà síbi ìkòkò rẹ̀.

Bó ṣe kẹ̀yìn sí wa yẹn, ara mi ò gbà á mọ́.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo kó wọn sórí àjà, sà. Bàbá ò mọ nǹkan kan."

Mo wọ ilé ìdáná, mo gun òkè lọ kó wọn. Ìkánjú jẹ́ kí n tẹ ibi tí kò yẹ, ẹsẹ̀ mi kan lu àjà já, ó yọ sílẹ̀ lókè ẹja.

"Áà, ẹ wá wò ó," Bàbá Sánní pariwo nísàlẹ̀, "ìwé tán, ó kan ẹsẹ̀!"

Nígbà tí mo kó wọn jáde, ojú mi àti ti ìwé dúdú dọ́gba. Wọ́n ti ká kò bí ẹja gbígbẹ, òórùn wọn sì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ṣí èyí tó tóbi jù, ó gbọn ọ́n, ó wò ó dáadáa. Ó ní kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Àgbà ìjọ sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Àwa èèyàn gan-an ò lè sún mọ́ ọn," ó ní, "kòkòrò wo ló máa dé ibẹ̀?"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Lọ di ẹrù rẹ."

"Ọ̀gá," Bàbá Sánní ní, "ẹ parí tèmi ná. Èmi lẹ pè lólè."

Ọ̀gá ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Àṣìṣe tèmi ni."

"Ó tán. Ọmọ yìí, ẹ fún mi. Tẹ́ ẹ bá lé e lọ sóko, ta ni yóò bá mi tún àjà mi ṣe?"

Báyìí ni wọn ò ṣe lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n yọ mí kúrò ní kíláàsì, wọ́n fi mí sí ilé ìdáná títí ọdún fi yí po. Àwọn ẹgbẹ́ mi kàwé lọ, mi ò bá wọn mọ́. Ìwé tí mo mọ̀ ò ju èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìdáná, Bàbá Sánní kọ́kọ́ to igi sí ààrò, ó dá iná. Nígbà tó yá, ó ní, "Nígbà tí Ọ̀gá ń lé mi, o wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ nígbà yẹn ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Ó dáa," ó ní. "Fẹ́ iná."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ọgbọ́n ilé bàbá ẹni dára, ṣùgbọ́n ká bi ẹni tó ni ààrò àti ẹni tó ni ìwé ká tó lò ó. Bó bá sì ti bà jẹ́, ká tètè jẹ́wọ́. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ yẹn ò pẹ́ ju kí èèyàn kà dé ogún lọ, síbẹ̀ òun ló ń dùn mí ju ìwé tó bà jẹ́ lọ. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí, àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín bí ẹni máa kú, èmi náà a sì máa bá wọn rín in. Ẹ̀rín tèmi ló sì kọ́kọ́ máa ń tán.