Ọ̀nà Tí Kọ́bọ́ọ̀dù Mi Gbà Wọlé

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi: ọjọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ tà sé mi mọ́ yàrá, tí ẹni tí mo kórìíra jù ní gbogbo Àjàṣẹ́ sì dúró níta, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú oníbàárà mi. Ẹ má rò pé mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun tó fi ẹnu tirẹ̀ rò ó kárí àdúgbò wa, Djègan-Kpèvi, ni.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mò ń wí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní ìṣirò, Màdáàmù ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé wa, "ìyàwó" lòun ń pè mí títí dòní, nítorí pé mo bá a nílé ọkọ. Ìyàwó kì í sì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà èmi náà sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé. Eyínfúnjowó ni mo pè é. Nígbà yẹn, eyín rẹ̀ ṣì pé.

Nígbà tí ọkọ mi kú, a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ lọ́wọ́ nígbà tó gba ẹ̀yìn wọ yàrá mi, láti ẹnu ọ̀nà ńlá tó ṣí sí àgbàlá tirẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó gbogbo aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti pín in fún ẹbí. Àṣà ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n jàlàbíà funfun kan wà níbẹ̀ tí òórùn ọkọ mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi ìyẹn nìkan sílẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ ni o fẹ́ máa wọ̀ ọ́ ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi pe mọlémọlé, mo ní kó fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà yẹn pa. Òun náà kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó san án fún mi: ó kọ́ ilé adìyẹ mọ́ ògiri náà, ní ọ̀gangan ibi tí mo ń gbórí lé sùn. Ọdún mọ́kànlá ni àkùkọ rẹ̀ fi jí mi. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo ni mo wá ń wò láràárọ̀. Ó sú mi. Mo pinnu láti tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Kútọnù ní òun á bá mi ṣe é. Mo ní ojú mi ò fọ́, ọwọ́ mi ò rọ. Mo ya fọ́tò mẹ́ta, mo kọ Faransé tí kò ní àṣìṣe kan, mo kọ gíga, ìbú àti jíjìn kọ́bọ́ọ̀dù náà títí dé ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Sèmè-Kpodji, Káríìmù, tó ń múra ìgbéyàwó, ní òun fẹ́ ẹ, òun á wá gbé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Màdáàmù, ẹ dákun, ṣé ó máa gba ẹnu ọ̀nà?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ó wọlé. Kí ni kò ní jẹ́ kó jáde?" Inú mi dùn sí ara mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ ìṣirò! Mo wọn kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò wọn ẹnu ọ̀nà.

Káríìmù dé pẹ̀lú aláàárù méjì àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èmi dúró nínú yàrá, mò ń pàṣẹ: ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí orí rẹ̀ síta. Káríìmù rọra ní, "Màmá, ó dà bíi pé ẹnu ọ̀nà yìí kéré o."

"Nínú èmi pẹ̀lú rẹ, ta ló kọ́ ìṣirò?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ẹ fà á, nígbà náà."

Wọ́n fà á. Mo fi èjìká tì í. Ó dún gbàgà, ó dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì kọ́ sẹ́yìn férémù ilẹ̀kùn láti inú, àfi kí ọkùnrin méjì gbé e sókè láti inú kó tó lè padà. Ta ló sì wà nínú? Arúgbó kan tí eékún ń ro. Ojú fèrèsé ní irin. Fóònù mi wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Mo sì ti mu ẹ̀kọ gbígbóná ife ńlá méjì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn àbúrò ọkọ mi lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló ṣe ìyàwó wa?"

Wọ́n sọ fún un. Ẹ̀rín tó rín pọ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. "Màdáàmù! Ẹ fi ìṣirò jáde o!" Nígbà tó mí dáadáa tán, ó kọjú sí Káríìmù. "Ọmọ mi, kì í ṣe ibí ló gbà wọlé. Ojú mi ló ṣe. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà lẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló dí i."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Òtítọ́ ló sọ. Inú bí mi sí i nítorí pé òtítọ́ ni.

Káríìmù ní kó jẹ́ kí àwọn fọ́ ògiri náà, àwọn á bá a tún ilé adìyẹ rẹ̀ kọ́. Ó ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n kí ìyàwó fúnra rẹ̀ bẹ òun.

Mo pariwo láti inú: "Kàkà kí n bẹ̀ yín, kí n kú síbí!"

"Ó dáa. Mò ń lọ fún adìyẹ mi lóúnjẹ."

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, mò ń ka ìlọ́po méje sókè sísàlẹ̀ kí n lè gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, láàárín adìyẹ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyàwó. Mi ò ní o kúnlẹ̀. Ta ló fẹ́ rí ọ? Orúkọ tí o fún mi ni kí o pè. Láti ọjọ́ tí o ti dí ibí, ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó wù mí láti sọ pé kó kọ́kọ́ dá jàlàbíà padà. Ìtọ̀ ò gbà.

"Eyínfúnjowó," ni mo wí, "ẹ ní kí wọ́n fọ́ ọ."

"Mi ò gbọ́."

"Eyínfúnjowó!"

"Ẹ̀n. Ẹ fọ́ ọ, ẹ̀yin ọmọ."

Bí mo ṣe padà wọ àgbàlá tí mo búra pé mi ò ní tẹ̀ mọ́ nìyẹn: mo fi ọwọ́ àti eékún rá gba inú ilé adìyẹ kọjá, gèlè mi há sára igi, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lórí, èmi tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń dìde fún. Ó na ọwọ́ sí mi. Mi ò gbà á. Mo sáré lọ sí ilé ìtọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde ni mo rí i lórí okùn aṣọ, láàárín ìró rẹ̀ méjì. Jàlàbíà funfun. Ọrùn rẹ̀ ti gbó, wọ́n ti fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́ ní abíyá. Òórùn kankan ò lè kù lára rẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Eyínfúnjowó, ta ló ń wọ ìyẹn?"

Ó wo aṣọ, ó wò mí. "Mo ń fi sùn ni," ló wí, ó sì yíjú sí adìyẹ rẹ̀.

Mo ti ní ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá lẹ́nu tí mo fẹ́ sọ fún un. Ìyẹ́ orí mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Àwọn aláàárù tú ilé adìyẹ, wọ́n fọ́ ihò náà dé gíga ẹnu ọ̀nà àtijọ́, wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gba àgbàlá rẹ̀ gbé e jáde láìfi ara kan ibì kankan. Káríìmù dúpẹ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì bí ẹni pé àwa méjèèjì la tà á fún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: kí ẹ tó ya fọ́tò ẹrù tí ẹ fẹ́ tà, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ sì rántí èyí tí ẹ fi ìbínú dí. Mi ò dárí jì í. Mo ti ní kí mọlémọlé wá dí ihò náà. Ó ní òun ń bọ̀, mi ò sì pè é mọ́. Wọn ò tíì tún ilé adìyẹ kọ́ pẹ̀lú. Láàárọ̀ òní, àkùkọ rẹ̀ gba ihò wọlé, ó dúró síbi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà tẹ́lẹ̀, ó kọ. Mo ju sálúbàtà lù ú. Mo gbọ́ tí ẹni yẹn ń rẹ́rìn-ín ní òdìkejì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kó má baà gbọ́.