Ọkọ̀ Tí Kò Gbọ́dọ̀ Jò

Òtútù àárọ̀ ọjọ́ náà ní Kuusamo, ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó lápá àríwá, kì í ṣe kékeré: ẹni tó bá tutọ́, yìnyín ló ń balẹ̀. Ensio ti gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lé ọmọlanke onírin, ó ti so ọmọlanke mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ó fẹ́ fà á sọ̀kalẹ̀ lọ sórí adágún tó ti dì gbagidi láti ìgbà Kérésìmesì, ṣùgbọ́n táyà ọmọlanke kọ̀, kò yí. Ibẹ̀ ni Kalervo, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ti gbé irin tí wọ́n fi ń lu ihò sí yìnyín kọ́ èjìká dé. Kò sóhun tí Kalervo yìí ò mọ̀ láyé, àfi bí wọ́n ṣe ń fọn ikun. Èyí tó yọ sí i nímú láàárọ̀ ti dì sí ṣónṣó ibẹ̀, ó ń dán, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Ensio, kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe?"

"Ẹ káàárọ̀, àna mi. Ṣebí ẹja la fẹ́ lọ pa."

"Ẹja ni. A ó lu ihò, a ó jókòó tì í, a ó ju ìwọ̀ sí i. Mọ́tò agbégi ń gba orí adágún yẹn kọjá lójoojúmọ́. Ta ló ń gbé ọkọ̀ lọ síbi tí kò sómi?"

"Àbúrò yín ló ní kí n gbé e."

"Irmeli?"

"Ẹ rántí pé mo jìn sínú omi lóṣù kọkànlá, tó jẹ́ okùn tó ń sá aṣọ sí ló fi wọ́ mi jáde. Ọjọ́ yẹn ló mú mi búra lórí Bíbélì bàbá yín. Ó ní, 'O ò gbọ́dọ̀ dé orí adágún yẹn mọ́, àfi tí ọkọ̀ bá wà lábẹ́ ìdí ẹ, ọkọ̀ tí kò sì jò.' Mo ní àmín."

"Ohun tó ń sọ ni pé kó o jókòó sílé títí yìnyín á fi yọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Odindi ló sọ fún èmi, àna mi. Tí mo bá yẹ ìbúra yẹn, inú sáúnà tá a fi ń wẹ̀ oru lẹ́yìnkùlé ni màá máa sùn títí di Àjíǹde. Ó sì ní òun ò ní dáná sí i."

Kalervo mi orí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi irin ọwọ́ rẹ̀ gbá táyà.

"Ta ló fa bíréèkì ọmọlanke yìí?"

"Èmi ni. Láti àná, kó má bàa sá lọ. Mo ti tú u láàárọ̀ yìí, kò gbọ́."

"Wọn kì í fa bíréèkì sílẹ̀ nínú òtútù. Ó ti dì mọ́ra. Omi gbígbóná ló máa tú u. Yọ ọmọlanke kúrò lára mọ́tò, kí n ráyè débẹ̀."

"Tí mo bá yọ ọ́, kò ní lọ?"

"Kí ló máa gbé e lọ? Ohun tó ti dì."

"Ilẹ̀ yìí dagẹ̀rẹ́ títí dé adágún ni mo ṣe ní kí n béèrè."

"Ogójì ọdún ni mo ti ń fa ọkọ̀, Ensio. Gbé kẹ́tùlù wá."

Ensio yọ ọ́, ó wọlé, ó gbé kẹ́tùlù wá. Kalervo da omi sí ìdí táyà, èéfín bo òun àti ọmọlanke pátápátá. Nǹkan kan dún kọ́ì.

"Ṣé o gbọ́? Ó ti tú. Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?"

"Ẹ sọ ọ́. Ó ti ń lọ."

"Kí ló ń lọ?"

Ọmọlanke ni. Ó kọ́kọ́ ń rọra yí bí ẹni tó ń najú lọ. Nígbà tó kọjá sáúnà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó la àárín esùsú gbígbẹ kọjá, ó bọ́ sórí yìnyín, ó pòòyì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró láàárín adágún, níbi tí wọ́n ti máa ń lu ihò lọ́dọọdún. Ọkọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, kò mì.

Àwọn méjèèjì sáré dé etí omi, wọ́n dúró.

"Ibi tó yẹ gan-an ló dúró sí," Kalervo ní. "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ."

"Ká máa lọ báwo? Ọkọ̀ wà lọ́hùn-ún, èmi wà níbí. Mi ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láìjẹ́ pé mo wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ gbé e wá."

"Èmi nìkan? Ọkọ̀ tó wúwo tó màlúù mẹ́ta?"

"Ẹ̀yin lẹ lógójì ọdún."

"Fi ẹsẹ̀ rìn, ará ibí. Irmeli ò ní mọ̀."

Ensio nawọ́ sókè ilé. Nǹkan kan ń kọ mànà lójú fèrèsé kíṣìnì.

"Awò tí bàbá yín fi ń wo ẹyẹ ló gbé sójú yẹn."

Kalervo họ fìlà rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja ti ń ta sánsán lọ́kàn rẹ̀ láti àná.

"Tí mo bá pọ̀n ẹ́ débẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ ò ní kan yìnyín."

"Ọkọ̀ ló sọ."

"Kí ló ń jẹ́ ọkọ̀? Ohun tó bá gbé èèyàn kọjá lórí omi, ọkọ̀ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni yín."

Ó gun ẹ̀yìn rẹ̀. Kalervo ta gìyẹ̀, ó dúró dáadáa, wọ́n bọ́ sórí yìnyín.

"O wúwo."

"Ṣòkòtò mẹ́ta ni mo wọ̀."

"Nǹkan kan ń dún."

"Yìnyín ni, àna mi."

"Egungun ẹ̀yìn mi ni."

Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, òógùn ti bo Kalervo, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná, ohun tó dì sí i nímú láti àárọ̀ sì yọ́. Ensio yọrí lórí èjìká rẹ̀, ó ń wò ó. Ọ̀kan kán sórí yìnyín. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó rántí Bíbélì, ó rántí sáúnà tí kò níná, ó bojú wẹ̀yìn wo fèrèsé. Ó fi ìka gbá Kalervo ní fìlà jẹ́jẹ́.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi padà sétí omi kíá. Ọkọ̀ yìí ti ń jò níwájú."